Orúkọ Mẹ́rin Lára Ilẹ̀kùn

Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Èmi wo ilẹ̀kùn Yàrá Kẹtàdínlógún ní Nofọ́rìjà,
orúkọ mẹ́rin ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ọn:
Rìsíkátù. Sẹ̀tónjí. Fèyíkẹ́mi. Mútíátù.
Tèmi kò sí níbẹ̀.
Èmi ni ìkarùn-ún, èmi ni sùkọ́tà,
ẹni tó ń san ìdajì owó
tó ń sùn láàárín bẹ́ẹ̀dì méjì
lórí ẹní tí ìyá mi rà ní ọjà Ayétòrò.

Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀ lóru, èmi ni yóò dá kọjá.
"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ilẹ̀," ni Rìsì máa ń wí,
Ilẹ̀ a sì dáhùn pé, "Rọra, má fẹsẹ̀ tẹ̀ mí lẹ́nu."
Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ náà ṣe mọ́ mi lára.

Sẹ̀tónjí ń sọ Ègùn lójú oorun,
a ò mọ̀ bóyá àdúrà ló ń gbà
tàbí gbèsè ló ń kà.
Fèyí ń fi aago orí fóònù jí wa ní aago mẹ́rin
kí òun nìkan tó padà sùn.
Mútíà, ọmọ apẹja òdìkejì ọ̀sà,
máa ń gbé páálí ẹja yíyan dé láti ilé,
èéfín a wọ aṣọ, a wọ ìrọ̀rí, a wọ ìwé.
Olùkọ́ wa kan gbé iṣẹ́ mi sí imú, ó ní,
"Ìwọ, ṣé o kọ èyí ni, àbí o yan án?"

Bàbá Ṣàdíkù, pọ́tà wa,
kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ló máa ń ṣáájú rẹ̀ dé.
Bí mo bá ti gbọ́ ọ, ó di inú kọ́bọ́ọ̀dù,
èmi àti aṣọ ọjọ́ Ìsinmi Fèyí, ojú ko ojú.
"Ẹ̀yin mélòó lẹ wà níbí?"
"Mẹ́rin ni, Bàbá."
"Kí ló wá dé tí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fi jẹ́ márùn-ún?"
Yàrá pa lọ́lọ́.
Mútíà wá ní, "Eyín mi ló pọ̀, Bàbá.
Ti òkè ní tiẹ̀, ti ìsàlẹ̀ ní tiẹ̀."
Mo bu aṣọ Fèyí jẹ kí n má baà rẹ́rìn-ín.

Ní sáà kejì, ìjì gba àwọ̀n bàbá rẹ̀,
ó gba ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ pẹ̀lú.
Ọjọ́bọ̀ ló dẹrù.
Kò sunkún. Ó ní, "Ilẹ̀, gòkè o.
Mo ń bọ̀ lẹ́yìn Iléyá."
Iléyá kọjá.
Òmíràn tún kọjá, a pín ẹran rẹ̀ jẹ.

Lálẹ́ ọjọ́ tó lọ, mo gun bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.
Fóòmù ti mọ̀ ọ́n, ó ti gbẹ́ kòtò
síbi tí ìbàdí rẹ̀ ń gbé.
Mo yí síhìn-ín, mo yí sọ́hùn-ún,
mi ò bá kòtò ẹlòmíràn mu.
Ní aago méjì mo sọ̀ kalẹ̀ sórí ẹní.
Nínú òkùnkùn Rìsì ní,
"Ilẹ̀, o ti dé?"

Bàbá Ṣàdíkù wọlé lọ́jọ́ kan tí mi ò gbọ́ kọ́kọ́rọ́.
Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀.
"Ìwọ ni Mútíátù?"
Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.
Mo ní, "Èmi ni, Bàbá."
Ó fi bírò fa ìlà kan.
Ó wá tan iná sí ife tó wà lójú fèrèsé,
ó ka búrọ́ọ̀ṣì, ẹnu rẹ̀ ń mì: márùn-ún ṣì ni.
Kò bi wá ní nǹkan kan.
Ó kàn dúró díẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà,
bí ẹni tó ń retí kí ẹnìkan
sọ pé eyín òun ló pọ̀.